Bí A Ṣe Ń Kí Oníbúrẹ́dì Ṣàgámù

Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ni mo ti gbé bàtà mi lọ́wọ́, tí mo ń yọ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá kí n má baà jí Yèyé Aláró. Asán ni gbogbo yíyọ́ yẹn. Yèyé ti jí. Ó jókòó sórí àpótí onípáànù tó ti di ẹrù rẹ̀ sí fún Èkó, ó fi ìborùn bo èjìká, ó ń wò mí bí ẹni tó ká ọmọ mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Àkànní, ṣé ọwọ́ lo fẹ́ fi wọ bàtà yẹn dé Ṣàgámù?"

"Yèyé, mi ò fẹ́ jí yín ni."

"Ta ló sùn?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Yèyé Aláró. Òun ló tọ́ mi dàgbà ní Ìsarà níhìn-ín. Aró ló ń rẹ títí agbára fi dín kù, èékánná rẹ̀ kò sì tíì funfun tán di ìgbà tí mo ń wí yìí. Káyọ̀dé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, àbúrò mi, ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó. Ó ti ránṣẹ́ pé òun ń fi mọ́tò òun bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti wá gbé ìyá òun, kó lọ máa bá òun gbé.

Èkó kò wu Yèyé tẹ́lẹ̀ rí. Búrẹ́dì ló jẹ́ kó wù ú. Eyín rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, búrẹ́dì tó sì ń dé Ìsarà láyé ìgbà yẹn, orí ọkọ̀ ló ń gbà wá, láàárín àpò gààrí àti agbọ̀n adìẹ. Nígbà tó bá fi máa kan àtẹ, ènìyàn lè fi kan ìṣó. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí Káyọ̀dé bá wá kí i, búrẹ́dì tó ń gbé lọ́wọ́ máa ń rọ̀ bí òwú, á sì tún máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. "Èkó ni mo ti rà á, Màmá. Àràárọ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ níbẹ̀." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Gbogbo ìlú ló ń pè mí ní Bàbá Bísí. Yèyé nìkan ló kù láyé tó ń pè mí ní Àkànní. Bó bá wọ mọ́tò lọ, orúkọ yẹn náà bá a wọ mọ́tò lọ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi sọ fún un lálẹ́ àná pé búrẹ́dì tó dára ju ti Èkó wà ní Ṣàgámù, bí ènìyàn bá lè dé ìdí ààrò fúnra rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Gbé e wá. Bó bá ju ti Káyọ̀dé lọ, màá tú ẹrù mi. Bí kò bá jù ú, ìwọ lo máa bá mi gbé àpótí yìí sí mọ́tò."

Mo ti fẹ́ jáde nígbà tó tún pè mí padà.

"Báwo lo ṣe máa kí wọn?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì."

Mo dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Aláró, a ní "àrẹ̀dú o." Àgbẹ̀, "àroko bọ́dún dé o." Onídìrí, "ojú gbooro o," á sì dáhùn pé "ooyà á yà á." Ẹni tó ń tajà, "ajé á wọgbá o." Awakọ̀ pàápàá, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pẹ́ láàárín wa, a ti rí tirẹ̀ wí fún un. Oníbúrẹ́dì ńkọ́?

"Màá ní ẹ kú iṣẹ́," mo ní.

"Ìyẹn ni ti ẹni tí a kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo dàgbà tó yìí, kò síṣẹ́ tí mi ò mọ bí a ṣe ń kí i, àfi ìyẹn. Bá mi béèrè wá."

Bó ṣe di pé ohun méjì ni mo ń lọ gbé bọ̀ nìyẹn, búrẹ́dì kan àti ìkíni kan.

Ọkọ̀ Dáṣọ̀n Bàbá Ráfíù ló kọ́kọ́ ń gbéra ní Ìsarà láràárọ̀, èyí tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí lẹ́yìn, tí orúnkún ẹni àti ti ẹni ẹlẹ́ni fi ń bára wọn jà. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni owó ọkọ̀ dé Ṣàgámù nígbà náà. Mo kí i pé, "Ọkọ̀ á rèfò o," ó dúpẹ́, ó ní kí n wá jókòó síwájú.

"Bàbá Bísí, kí là ń lọ ṣe ní Ṣàgámù láàárọ̀ kùtù?"

"Mo fẹ́ ra búrẹ́dì."

"Àti kí ni?"

"Búrẹ́dì náà ni."

Ó yí dígí orí rẹ̀ kó lè rí ojú mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ló kígbe sí àwọn èrò ẹ̀yìn pé, "Ẹ fara balẹ̀ o, ẹ má fún wa níwájú. Bàbá Bísí ń lọ gba búrẹ́dì." Ìyá kan tó gbé agbọ̀n ata sẹ́sẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé iṣu ti tán nílé wọn ni?" Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín dé Òde Rẹ́mọ. Nígbà tí a dé Ìpẹ̀rú, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, àwọn olùkọ́ ti ń jáde nílé pẹ̀lú agbádá kúkurú àti báàgì aláwọ, ìyá aláta sì ń ròyìn mi fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Láti ibẹ̀, a rí ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ó ṣì ń dán. Lórí ọ̀nà tiwa, bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, àwọn awakọ̀ á rọra, wọ́n á béèrè ilé béèrè ọ̀nà, èrò inú ọkọ̀ kan á fi owó rán èrò inú èkejì. Lórí márosẹ̀, fìrì ni wọ́n ń kọjá lára ara wọn. Bàbá Ráfíù ní bó o bá juwọ́ síni níbẹ̀, wọ́n á rò pé táyà àwọn ló jò.

Ilẹ̀ ti mọ́ kedere nígbà tí a dé Ṣàgámù. Ní tiwa ní Ìsarà, ẹ̀kọ ni à ń fi jẹ àkàrà láàárọ̀. Níbẹ̀, mo rí i tí wọ́n la búrẹ́dì níkùn, tí wọ́n ki àkàrà gbígbóná bọ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bí wọ́n ti ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó bójú mu, ṣùgbọ́n itọ́ kún mi lẹ́nu.

Ilé búrẹ́dì àkọ́kọ́ tí wọ́n júwe fún mi wà ní Mákun. Lójú ọ̀nà ni mo ti ń hun ìkíni. Mo bi ara mi pé, kí ni oníbúrẹ́dì fi ń ṣiṣẹ́? Iná ni. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà tí mo rí ọkùnrin kan tó káwọ́ lẹ́yìn, mo gbóhùn sókè, mo ní, "Ẹ kú iná o."

Ojú ọkùnrin náà rọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. "Ẹ ṣé o, bàbá. Ẹ ò ní rí irú ẹ̀ o."

Ìgbà yẹn ni mo tó gbójú sókè. Kò sí òrùlé lórí ilé náà. Iná ti jó o lọ́sẹ̀ tó kọjá, páànù tó ṣẹ́kù ti ká bí ewé gbígbẹ. Kí n tó mọ ohun tí mo máa wí, wọ́n ti gbé àga fún mi, ìyàwó rẹ̀ ti bu omi wá.

"Láti ibo lẹ ti wá?"

"Ìsarà."

"Ẹ gbọ́, Ìsarà," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n ti gbọ́ ti iná wa dé Ìsarà."

Ẹ bá mi wò ó. Ṣé kí n wá sọ pé ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ló gbé mi wá? Mo mi orí. "Ó dùn wá púpọ̀," mo ní. Irọ́ kọ́, nígbà tí mo rí ààrò tó ya sí méjì, ó dùn mí dé egungun. Ó ròyìn iná náà fún mi láti ìṣáná dé garawa omi. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dìde, abánikẹ́dùn mìíràn á wọlé, ọkùnrin náà á fi mí hàn án pé Ìsarà ni mo ti wá, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ewúrẹ́ tí wọ́n yọ jáde lójú fèrèsé. Èmi ni mo rán an létí.

Oòrùn ti yọ dáadáa kí n tó rí ọ̀nà jáde. Mo gba Sábó lọ. Obì ni gbogbo Sábó, obì nínú agbọ̀n, obì lórí ẹní, ewé tútù tí wọ́n fi ń dì í kún ilẹ̀. Mo béèrè ilé búrẹ́dì lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn Haúsá tó ń ṣa obì. "Búródì?" ó ní, bí wọ́n ṣe ń pè é ní èdè wọn nìyẹn, ó sì fi àgbọ̀n júwe ọ̀ọ́kán fún mi.

Mo ti rò ó lọ́tun. Kì í ṣe iná ni ayọ̀ oníbúrẹ́dì. Ayọ̀ rẹ̀ ni pé kí ìyẹ̀fun tó pò gba yíìsì, èyí tí Bíbélì wa ń pè ní ìwúkàrà, kó sì wú. Ìkíni ti dé. Mo rí obìnrin kan lójú fèrèsé ilé búrẹ́dì, mo sì fẹ̀rín sẹ́nu láti òkèèrè.

"Á wú o."

Obìnrin náà dìde díẹ̀díẹ̀. Ó ti fi gèlè di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́rí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sì yọ síta bí ẹni tó tọ́jú odidi awẹ́ obì síbẹ̀.

"Kí ló máa wú?"

"Búrẹ́dì ni, ìyá."

"Eyín ò jẹ́ n sùn láti ìjẹta. O wá dúró síwájú mi, o ní á wú. Èyí tó wú yìí ò tó ọ?"

Ẹni tó júwe ọ̀nà fún mi gbọ́. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Haúsá, wọ́n sì fi obì sílẹ̀ láti rẹ́rìn-ín. Mo tọrọ gáfárà títí.

"Ẹ jọ̀ọ́, búrẹ́dì gbígbóná kan ni mo ń wá."

"Gbígbóná?" Ó wọlé lọ. Ó pẹ́ díẹ̀. Èyí tó gbé jáde gbóná débi pé mo ń jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ọgọ́rin kọ́bọ̀. Mo lọ síbi òjìji, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Búrẹ́dì tuntun, bó o bá tẹ̀ ẹ́, á dìde padà. Èyí kò dìde. Àmì ìka mi dúró síbẹ̀ kedere, bí ìgbà tí mo tẹ̀ka fún ìbò. Mo padà lọ bá a.

"Ìyá, búrẹ́dì àná nìyí. Ẹ kàn mú un gbóná ni."

"Kí lo béèrè lọ́wọ́ mi?"

"Búrẹ́dì gbígbóná."

"Kò gbóná ni?"

Gbígbóná ni mo béèrè lóòótọ́, mi ò béèrè tuntun. Mo fi búrẹ́dì náà ta Haúsá tó ń fi mí rẹ́rìn-ín lọ́rẹ, ó rì í bọ tíì, ó súre fún mi. Bóyá àánú mi wá ṣe obìnrin náà, torí ó fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, "Bó bá ṣe tuntun lo ń fẹ́, lọ bá Bàbá Múdà, ní ọ̀nà tó jáde sí márosẹ̀. Má sì wú wọn níbẹ̀ o."

Ààrò amọ̀ ni ti Bàbá Múdà, ó rí rìbìtì bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Àwọn ọkùnrin bọ́ra sílẹ̀ dé ìbàdí, wọ́n ń po ìyẹ̀fun lórí pákó. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sìkírà mú abẹ lọ́wọ́, ó ń sín àwọn búrẹ́dì tó ti wú nígbẹ́rẹ́ lórí kí wọ́n tó wọ iná, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò sọ̀rọ̀. Bàbá Múdà, àgbàlagbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun (bí ti ewú ni àbí ti ìyẹ̀fun, mi ò mọ̀), wò mí.

"Bàbá, ṣé ohùn ò sí ni?"

"Ohùn wà. Mo ti kí ilé búrẹ́dì méjì láàárọ̀ yìí, ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ nà mí." Mo bá ròyìn fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń po ìyẹ̀fun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ẹ̀rín. Mo wá béèrè pé, báwo gan-an ni à ń kí wọn?

Wọ́n wo ara wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ ni wọ́n ń kí wa," ọ̀kan wí.

"Ta ló kí ọ rí?" èkejì dá a lóhùn. "'Ẹ fún mi ní méjì' ni wọ́n ń kí wa."

"Á wú ò burú," Sìkírà wí, kò gbójú kúrò lára abẹ. "Ó kàn kù díẹ̀ káàtó ni. Bó bá wú tí kò pọ́n ńkọ́?"

"Á wú, á pọ́n o." Bàbá Múdà rọra wí i, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Kí làwa máa dáhùn?"

Ọ̀kan ní kí wọ́n ṣe àmín. Bàbá Múdà ní rárá, ìyẹn ti mọ́ṣáláṣí ni. Sìkírà ló tún rí i: "Ẹnu ò ní kọ̀ ọ́ o." Wọ́n ní kí n jáde kí n tún wọlé. Mo jáde, mo wọlé, mo ní, "Á wú, á pọ́n o." Gbogbo ilé gbà á pọ̀. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí ìkíni rí, àfi ibẹ̀.

Bàbá Múdà fi pákó gbọọrọ yọ búrẹ́dì kan láti inú iná, ó gbé e fún mi. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó dìde padà. Mo béèrè ohun tí ilà orí rẹ̀ wà fún.

"Ilé búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀," ó ní. "Bí tiwa bá dé àárín ọjà, a máa mọ ọmọ wa."

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí la wà nígbà tí fèrè mọ́tò ké níta. Ẹnìkan nawọ́ jáde lójú fèrèsé mọ́tò funfun kan. "Ẹ fún mi ní ńlá méjì. Èyí tí kò ní ìwé lára o."

Ìwé pélébé ni wọ́n máa ń fi sínú ọ̀rá búrẹ́dì níbẹ̀, tí wọ́n tẹ Ṣàgámù sí gàdàgbà. Sìkírà sọ fún mi pé, "Oníbàárà wa ti Èkó nìyẹn. Ìgbàkígbà tó bá ń lọ kí ìyá rẹ̀ ló máa ń yà. Kì í gba èyí tó ní ìwé, ó ní ọmọ iléèwé pọ̀ ní àdúgbò ìyá òun."

Mo ti mọ ohùn yẹn. Mo gba búrẹ́dì méjèèjì lọ́wọ́ Sìkírà, mo gbé e lọ síbi mọ́tò fúnra mi.

"Ọ̀gá, búrẹ́dì Èkó yín nìyí."

Káyọ̀dé gbójú sókè. Kíá ló ṣílẹ̀kùn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́bàá títì, ó pẹ́ nílẹ̀ ju bí ọjọ́ orí mi ṣe tó lọ.

"Dìde, táì rẹ ń gbálẹ̀."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá. Wọn ò ní gba nǹkan kan gbọ́ mọ́ nínú ohun tí mo bá sọ nípa Èkó."

"Èwo ni kì í ṣe irọ́ nínú rẹ̀?"

Ó rò ó díẹ̀. "Omi ẹ̀rọ. Ó máa ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyàwó òun ti bímọ, òun ń dé láti ibi iṣẹ́ lálẹ́, kò sẹ́ni tó ń pe òun bí ìyá òun ṣe ń pe òun. Ohun tó wí yẹn mú mi, torí ohun tí èmi náà ń sá fún nìyẹn. Mo ṣèlérí pé ẹnu mi kò ní sọ ọ́. Ó gbé mi síwájú mọ́tò, ó sọ̀ mí kalẹ̀ ní ìwọ̀lú Ìsarà kí Yèyé má baà rí wa pọ̀. Ìgbà tí mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ni mo tó rí ohun tí mo ti kó sí. Inú ààrò kan náà ni búrẹ́dì mi àti ti Káyọ̀dé ti jáde. Báwo ni tèmi ṣe fẹ́ ju tirẹ̀ lọ?

Nígbà tí Káyọ̀dé náà dé, Yèyé gbé búrẹ́dì mi àti ọ̀kan nínú tirẹ̀ sórí àwo. Ó yí wọn síhìn-ín, ó yí wọn sọ́hùn-ún, ó fi èékánná aláró rẹ̀ tọ ilà orí wọn. Ó bù díẹ̀ lára èyí, ó bù díẹ̀ lára ìyẹn, ó rún wọn fún ìgbà pípẹ́.

"Adùn wọn dọ́gba," ó ní.

Káyọ̀dé mí kanlẹ̀. Mo wo àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá ẹ̀wù mi sókè.

"Àkànní, iṣẹ́ kejì tí mo rán ọ ńkọ́?"

Mo ròyìn ilé tó jóná, mo ròyìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo wá kí i bí mo ṣe kí wọn, mo sì kọ́ ọ ní èsì rẹ̀. "Á wú, á pọ́n o," ó wí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. "Ẹnu ò ní kọ̀ ọ́ o. Ìkíni gidi nìyẹn." Ó nu ojú rẹ̀. "Káyọ̀dé."

"Mà."

"Àwọn oníbúrẹ́dì Èkó, báwo lẹ̀yin ṣe ń kí wọn?"

Káyọ̀dé wò mí. Mo ń wo àjà.

"Màmá, a kì í kí wọn. Fèrè mọ́tò la máa ń fun, wọ́n á gbé e jáde."

"O kì í sọ̀kalẹ̀?"

"Rárá, Mà."

Yèyé tún fi èékánná tọ ilà búrẹ́dì kan, ó tọ ti èkejì. "Ilà kan náà ni wọ́n kọ fún àwọn méjèèjì yìí," ó ní. "Èkó ti sún mọ́ wa ju bí mo ṣe rò lọ." Mo tún tẹjú mọ́ àjà dáadáa. "Bó bá ti sún mọ́ wa tó báyìí, kí ni mo tún ń wọkọ̀ lọ bá? Mi ò lọ mọ́. Ìwọ ni kó o máa wá. Gbé ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ wá kí n tọ́jú wọn níbí títí ọmọ á fi mókun. Bó o bá sì ti yà ra búrẹ́dì, ní Èkó ni o, níbòmíràn ni o, sọ̀kalẹ̀, kó o kí ẹni tó ṣe é."

Èmi àti Káyọ̀dé la gbé àpótí náà, mo mú ẹ̀gbẹ́ kan, ó mú ẹ̀gbẹ́ kejì. Yàrá la gbé e padà sí.

Ohun tí mo kọ́ ní Ṣàgámù ni pé kí n máa wo òrùlé àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn kí n tó kí i, àti pé gbígbóná yàtọ̀ sí tuntun. Ìlérí tí mo ṣe fún Káyọ̀dé, mo pa á mọ́. Ẹnu mi ni mo ní kò ní sọ ọ́. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ èyí, Yèyé kò sì mọ̀wé.

Mo tún yà sọ́dọ̀ Bàbá Múdà lẹ́yìn ìgbà náà. Sìkírà sọ fún mi pé oníbàárà wọn ti Èkó ti yípadà. Ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Láti ìdí mọ́tò ló ti máa ń ké pé, "Á wú, á pọ́n o," gbogbo ilé á sì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n Sìkírà ní síbẹ̀ kì í gba èyí tó ní ìwé lára, ó sì tún ti ń bẹ òun báyìí pé kí òun fi ọ̀kan sílẹ̀ fún un láìkọ ọ́ nílà.